Fìlà Tó Ń Wá Orí

Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ aṣọ eré ni mo fi ayé mi ṣe, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó ní: "Màmá, ẹ má purọ́ fún mi, ta lẹ fi olóyè yẹn ṣe gan-an?" Wọn kì í bèèrè bí agbádá mẹ́ta ṣe ń di ti olówó méje láàárín oṣù kan. Wọn kì í bèèrè bí iyùn oníke ṣe ń dán lọ́rùn ọba bíi pé ojúlówó ni. "Ta ni" ni tiwọn. Wọ́n ti gbà pé kò sí eré òṣèlú kan tí kò ní ojúlówó èèyàn tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, àti pé lẹ́nu èmi tí mo wọ òṣèré láṣọ, tí mo dé e ní fìlà, ni orúkọ onítọ̀hún wà.

Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lóòótọ́ ni àwọn ọmọ kan ṣì ń wá gbé mi lọ sí lokéṣọ̀n kí n bá wọn fojú sí aṣọ, àmọ́ kò sí ọ̀gá tó lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fìlà kan ni n ó fi dáhùn.

Ọdún 1983 ni, ìbò ń bọ̀ lọ́nà, ara gbogbo ìlú ń gbóná. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí mo wà nígbà náà ń ṣe eré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí alága káńsù tó gbowó afárá tí kò ṣe afárá. Òṣèré tí wọ́n mú ṣe alága lórí ńlá. Gbogbo fìlà tó wà nínú àpótí wa, bó bá dé ìdajì orí rẹ̀, á dúró. Mo bá kọrí sí Ọjà Ọba n'Ìbàdàn, mo ní kí bàbá arán-fìlà kan fi ẹtù rán èyí tó fẹ̀ dáadáa fún mi. Bàbá fẹ́ ṣe mí lóore, ó fi ìka mẹ́rin lé e. Nígbà tí òṣèré wa dé e, fìlà ga ju ara rẹ̀ lọ, kò lè dá dúró, ó wó sápá òsì, ó kù díẹ̀ kó kan èjìká. Olùdarí wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tó wà nídìí ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: orí ńlá àti ìka mẹ́rin.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbé e jáde. Nígbà tí n ó fi dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkùnrin mẹ́ta ti dúró sí ọgbà wa. Wọ́n ní aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn là ń fi ṣẹ̀sín, pé ta ni kò mọ̀ pé báyìí ló máa ń gẹ fìlà? Kó tó di ọ̀sán, àwọn ẹgbẹ́ kejì ti dé, wọ́n ní tàwọn ni, pé owó la gbà lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Ẹni kẹta kì í tilẹ̀ ṣe òṣèlú, kọngílá ni. Ọjọ́ Ẹtì lòun wá, ó ń làágùn nínú lésì, ó fọwọ́ lu tábìlì ọ̀gá wa, ó ní ta ló ròyìn afárá òun fún wa? Títí di ọjọ́ náà, kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ó gba iṣẹ́ afárá kankan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Tiwa tún lé kan: a sọ òkò sọ́jà, èèyàn mẹ́ta sáré jáde wá forí gbà á.

Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kí n tètè bọ́ fìlà yẹn kúrò lórí ọkùnrin náà kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ pa. Mo bọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alága káńsù jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ láìdé fìlà. Ọkàn mi balẹ̀, àfi ìgbà tí mo dé ọjà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin aláta kan: "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti ní kó ṣí fìlà. Ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi nìyẹn!"

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. A máa ń rò pé àwa tí à ń lu ìlù la mọ ohun tó ń wí. Irọ́ ni. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ wa. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, tó ń jẹ iṣu alẹ́ rẹ̀, tó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń sọ pé kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, torí pé ìjà òṣèlú gan-an ló bí tẹlifíṣàn fún wa. Lọ́dún 1953, Macpherson, òyìnbó tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, bọ́ sórí rédíò, ó fẹ̀sùn kan Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kóun fèsì. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí òfin wá gba àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ tiwọn, ìjọba Awólọ́wọ̀ kò fi mọ sórí rédíò. Lọ́jọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, wọ́n tan WNTV n'Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tó ń fi gbogbo ẹnu pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Kí ọdún kan tó pé, nínú oṣù Ògún 1960, Ṣẹ́gun Olúṣọlá ti darí eré kan tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún un, My Father's Burden. Ẹ ò rí i pé kí eré tó wọ inú àpótí yẹn ni òṣèlú ti jókòó síbẹ̀ dè é.

Ẹni tó sì kọ́ gbogbo wa ní ohun tí ìdajì ọ̀rọ̀ lè ṣe kò lo kámẹ́rà nígbà náà rárá. Orí ìtàgé ni Hubert Ògúndé ti ṣe Yorùbá Ronú lọ́dún 1964. Ìtàn ọba kan ni, tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tó tà á fún ọ̀tá. Kò sí Awólọ́wọ̀ nínú rẹ̀, kò sí Akíntọ́lá tó ń ṣèjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ọba ni, ìjòyè ni, ìlú àtijọ́ ni. Àmọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin dè é, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Ògúndé tún fi eré mìíràn fèsì, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ó di 1966, lábẹ́ ìjọba ológun Fájúyì, kí wọ́n tó tú òfin náà ká.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Bí ìjọba ọjọ́ náà bá ti rẹ́rìn-ín, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ní "eré ọba àtijọ́ tó dùn ni o", ẹnu ta ni ì bá gbà á láti sọ pé àwọn ni? Òfin tí wọ́n ṣe ló fi orúkọ wọn sínú eré tí Ògúndé kò kọ orúkọ sí. Kọngílá tèmi kò mọ ìtàn yẹn ni, ì bá jókòó sílé rẹ̀.

Bí òṣèlú ṣe ń wọ inú eré, bẹ́ẹ̀ náà ni eré ń jáde wọ ìlú. Adégòkè Adélabú sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan, peculiar mess, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn èèyàn rẹ̀ n'Ìbàdàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ bí iṣu, ó di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń wúlò fún wa lónìí, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí Adélabú ti kú. Ní òdìkejì, nígbà tí The Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 1968, obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ní abúlé Ọjà, tí kò sí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i létí tí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Amẹ́bọ lorúkọ rẹ̀. Lónìí, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá sọ ohun tí wọ́n ní kó má sọ, "Amẹ́bọ!" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà kò rí eré yẹn rí, ìyá rẹ̀ gan-an lè má rí i. Orúkọ tí wọ́n fún èèyàn inú eré ti di orúkọ ìwà. Bí ẹ bá bi mí pé ta ni wọ́n fi Amẹ́bọ ṣe, n ó ní ẹ lọ bi ògiri ilé yín.

Nínú eré yẹn kan náà ni Fúnṣọ́ Adéolú ti ṣe Olóyè Ẹléyinmí, ìjòyè aláfẹ́ tí agbádá rẹ̀ kì í sinmi lórí èjìká. Ọdún ń gorí ọdún, Olóyè Ẹléyinmí kúrò lórí tẹlifíṣàn, ó gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀, ó di Aláyé Òde-Rẹ́mọ. Ọba gidi, adé gidi. Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ sọ ọ́ títí láàárín ara wa: ṣé eré ló ń fi jọ ayé, àbí ayé ló ń kọ́ eré? Ẹnì kan nínú wa sọ pé òun kò ní í fi adé ṣeré mọ́, nítorí a ò mọ ẹni tí yóò dé e mọ́rí.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ adé ṣeré lóòótọ́. Àwọn tó wà nílé kì í mọ ohun tí à ń bá yí lórí adé eré. Adé gidi, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè gbówọ́ nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń sín lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń gán mọ́ ara rẹ̀, ojú èèyàn á wà níwájú rẹ̀, ẹyẹ á bà lé e lórí, ìbòjú á wá rọ̀ wálẹ̀ síwájú ọba bí òjò. Èèwọ̀ ni kí ọba wo inú rẹ̀. Tiwa, páálí ni mo máa ń ká, n ó fi aṣọ funfun tí mo ti rì sínú ẹ̀kọ wé e, n ó gbé e sóòrùn títí yóò fi le, n ó wá fi àtè lẹ ìlẹ̀kẹ̀ oníke mọ́ ọn. Inú tiwa kò ní èèwọ̀: fóòmù ni, àti ìwé pélébé tí mo kọ orúkọ òṣèré sí kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, mo rántí òṣèré àgbà kan tó gba adé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí a fẹ́ ya àkọ́kọ́, tó yí i po, tó dá a padà. Ó ní kí n gé ìbòjú kúrò. Mo ní, "Bàbá, kò ní í dùn ún wò." Ó ní, "Ọmọ mi, ìbòjú ló ń sọ ọ́ di adé. Gé e kúrò kó di àkoro, kí n lè sùn lálẹ́." Mo gé e. Nígbà tí eré jáde, àwọn kan ní owó ló tán lọ́wọ́ wa, àwọn mìíràn ní à ń fi ọba kan tí wọ́n ń bá du ipò adé nílé ẹjọ́ ṣẹ̀sín. Ìbẹ̀rù àgbàlagbà kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá kan náà ni kì í rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A bá a kọ ọ́ sẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ aláwọ tó ń mú dání. Gbogbo ìgbà tí Kábíyèsí bá gbé abẹ̀bẹ̀ sójú bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀, ìwé ló ń kà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn àlejò wá láti ìlú kan, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n ní ó ṣeun tó fi ọba àwọn hàn fáyé: pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọba àwọn ṣe máa ń fi abẹ̀bẹ̀ bojú bó bá ń gbọ́ ẹjọ́ tó ti gbowó rẹ̀ tán. Bàbá wò mí, èmi náà wò ó. A gba ọpẹ́ wọn.

Ẹ má ṣe rò pé èmi ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ṣèèṣì ni. Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Lọ́dún 1995, ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ọmọ Ogoni. Kì í ṣe eré ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pa á, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti epo ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ Basi and Company tí gbogbo Nàìjíríà ń wò lórí tẹlifíṣàn ni àwa mọ̀ ọ́n sí. Ẹnì kan kò ní láti wá kọ́ wa mọ́ pé ká fi ọ̀rọ̀ wa sábẹ́ òwe. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní àkókò yẹn, a lè fi odindi ìdajì ọjọ́ jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ kan ṣoṣo, bóyá ó sún mọ́ ti ṣọ́jà jù.

Láti inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ṣaworoidẹ ti jáde lọ́dún 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání tó ti gbé kámẹ́rà rí nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìbàdàn ló darí rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ìlú inú rẹ̀: Jogbo. Nínú èdè wa, bí nǹkan bá korò kọjá sísọ, a ní ó korò bí jogbo. Ìlú ìkorò. Ọba Lápité kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ májẹ̀mú tó yẹ kí gbogbo Oníjogbo gbà, torí ó fẹ́ kó owó ìlú jẹ. Àwọn agégẹdú ń wó igbó àwọn àgbẹ̀, owó ń wọlé sáàfin. Ṣọ́jà kan, Lagata, wá gba adé pẹ̀lú ìbọn. Àmọ́ ẹni tí kò gba gbẹ́rẹ́ májẹ̀mú, tó dé adé, tí wọ́n sì lu ìlù oníṣaworo idẹ sí i, orí fífọ́ ni yóò pa á.

Kò sí ẹni tó jáde lẹ́yìn fíìmù yẹn tí kò mọ ìlú tó ń jẹ́ Jogbo. Ṣùgbọ́n ẹ bi èèyàn márùn-ún pé ta ni Lápité, ìdáhùn márùn-ún lẹ ó gbà, torí ọ̀pọ̀ aláṣẹ ló ti jókòó lórí aga láìgba gbẹ́rẹ́. Ẹ bi wọ́n lónìí, wọ́n á fún yín ní orúkọ ẹni tí kò tí ì wọ òṣèlú nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà. Nígbà tí Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e ní 2002, a ti wà lábẹ́ ìjọba alágbádá, ṣọ́jà ti padà sí bárékè, síbẹ̀ ìbúra ni wọ́n tún ń wá lọ́wọ́ àwọn ìjòyè. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Jogbo kan náà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bẹ́ ẹ bá rán aṣọ tó ba ẹnìkan ṣoṣo mu, lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú, ẹ bá a sin ín.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà, kí n má baà dà bí ẹni tó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fìlà, ìyàwó olóṣèlú kan rán ọmọ sí mi pẹ̀lú ìdì lésì aláwọ̀ omi òkun. Ó ní fún Ìyálóde inú eré wa ni, ẹni rere tó máa ń gba ọ̀rọ̀ àwọn tálákà sọ. Lésì dára, ilé iṣẹ́ kò lówó, ọmọ mi kan sì nílò owó ilé ìwé; ìdì náà ní àpòòwé nínú. Mo rán an. Ìyálóde wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí tẹlifíṣàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, obìnrin yẹn ṣe ayẹyẹ, òun àti àádọ́ta obìnrin wọ lésì kan náà gẹ́gẹ́ bí aṣọ ẹbí, wọ́n jó yí ìlú ká. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń sọ fún mọ́ pé òun ni Ìyálóde rere. Fìlà, ìṣèèṣì ni. Lésì, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Nítorí náà, bí mo bá rí i nínú eré òde òní tí kámẹ́rà dúró pẹ́ jù níwájú ìgò ọtí kan tàbí fóònù kan, mi ò bínú. Mo mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń darí eré òṣèlú gbé fóònù rẹ̀ wá, ó fi àwòrán olóṣèlú kan tó wà láyé hàn mí. Ó ní irú agbádá yìí gẹ́lẹ́ lòun ń fẹ́, irú awò ojú yìí, aago yìí, kí bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ ṣí báyìí bó ṣe ṣí lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣe é. Iṣẹ́ dára, bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì síra, ẹ ò ní í mọ ti ayé yàtọ̀ sí teré. Alẹ́ tí ó jáde, kí wọ́n tó parí rẹ̀, àwọn èèyàn ti gbé àwòrán méjèèjì sórí Facebook, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, olóṣèlú náà fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pín in kiri. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ fi wé kọngílá tó ń làágùn nínú lésì. Kò sẹ́ni tó làágùn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí a mú kò bẹ̀rù, torí ó ti di gbajúmọ̀ sí i. Àwọn yòókù tí wọ́n ń hùwà kan náà sùn fọnfọn, torí gbogbo ayé ti mọ̀ pé kì í ṣe àwọn. Ìgbà tí a dárúkọ ẹnìkan, ṣe la fọwọ́ ara wa dá ọgọ́rùn-ún sílẹ̀.

Mo sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò dákẹ́ fún mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ̀rù ló bà yín láyé ọjọ́un. Ẹ wá sọ ẹ̀rù di ọgbọ́n." Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí ìdajì ọ̀rọ̀ tí a sọ kò ju ibi tí a lè sá sí lọ. Àwọn ọ̀gá kan wà tó ń gé eré wa mọ́ wa lọ́wọ́, tí wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ kó "bá ẹnikẹ́ni wí". Títí wọn yóò fi gé e tán, kò ní í bá ẹnikẹ́ni wí lóòótọ́. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe òwe. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwọ̀nba gbọ́dọ̀ ti ní odindi rẹ̀ nínú ná.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ pé nítorí ìbẹ̀rù la ṣe ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, yóò di odindi. Àpọ́nlé ni. À ń bu iyì fún ẹni tó ń gbọ́ ọ pé ó lọ́gbọ́n, pé inú rẹ̀ kò ṣófo. Bí mo bá fi àwòrán ẹni náà gangan síwájú yín, mo ti bá yín ro èrò yín tán. Ẹ̀rín nìkan ló kù fún yín. Bí mo bá gbé ìwà rẹ̀ síwájú yín láìsí orúkọ, ẹ̀yin lẹ máa jí lóru, tẹ́ ẹ máa ní, "Háà, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ nìyẹn." Ìgbà mìíràn, ẹ óò wo dígí, ẹ óò dákẹ́.

Kì í sì í ṣe pé ayé òde òní ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí King of Boys ti Kemi Adetiba padà wá lọ́dún 2021 ní apá méje lórí Netflix, tí Ẹniọlá Salami tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe ń du ipò gómìnà Èkó, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin méjì ń jiyàn nínú bọ́ọ̀sì lórí ẹni tó jẹ́. Ọ̀kan ní ìyálọ́jà kan báyìí ni, èkejì ní ọkùnrin ni wọ́n sọ di obìnrin kí wọ́n má baà mọ̀. Mo wo gèlè Ẹniọlá Salami pẹ̀lú ojú oníṣẹ́: bí agbára rẹ̀ ṣe ń ga ni gèlè náà ń ga. Ẹni tó wé e mọ ohun tó ń ṣe. Kò wé e bíi ti ẹnikẹ́ni. Ó wé e bíi ti agbára. Inú mi dùn títí mo fi gbàgbé ibi tí mo fẹ́ sọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdáhùn mi rèé. Èmi ò fi olóyè yẹn ṣe ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kò ju orí ńlá, ẹ̀kọ tó gbẹ sára páálí, àgbàlagbà tí kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti àpòòwé tí kò yẹ kí n gbà. Ẹ̀yin lẹ fi í ṣe ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.

Bàbá arán-fìlà yẹn ti kú. Àwọn tí wọ́n wá jà sí wa lọ́gbà lọ́dún 1983, n kò rò pé ọ̀kan kù nínú wọn. Fìlà ẹtù yẹn ṣì wà nínú àpótí mi, mo fi káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kan pè mí sí eré tuntun lórí aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù kan, wọ́n ní kí n mú fìlà àgbà dání. Mo mú un lọ. Orí òṣèré tiwọn kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, fìlà bá tún wó sápá òsì, ó ń wá èjìká. Ọmọdébìnrin tó ń pa pátákó níwájú kámẹ́rà pariwo, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó dárúkọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé nígbà tí mo ń na owó fìlà yẹn lé bàbá lọ́wọ́ ní Ọjà Ọba, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà.

"Màmá," ó ní, "ta ló sọ fún yín pé òun la ní lọ́kàn?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Olùdarí bi mí bóyá kí wọ́n gbé fìlà náà nàró. Mo sún mọ́ òṣèré, mo gbọn eruku kúrò létí fìlà, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.